Ayò Ọlọ́pọ́n Nínú Fóònù: Bí A Ṣe Ń Tún Eré Àtijọ́ Ṣe Láì Ba Òfin Rẹ̀ Jẹ́

Nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, Nokia 3310 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgboro Èkó kan. Géèmù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Snake II, Space Impact, Pairs II àti Bantumi. Ejò tó ń jẹun kiri ni tọmọdé tàgbà mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí Bantumi, tó sì ti jókòó nídìí ọpọ́n rí, yóò rí ohun tí kò ṣàjèjì sí i: ilé mẹ́fà níhìn-ín, ilé mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì tó ń wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi jẹ ara wọn. Yóò rò pé ayò ti wọ fóònù. Bó bá ta á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, yóò mọ̀ pé eré mìíràn ni.

Òfin tí Bantumi ń lò ti ọ̀dọ̀ Kalah wá, ìyẹn eré tí William Julius Champion, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1940. Nínú Kalah, ilé ńlá kan wà lápá ọ̀tún ẹnì kọ̀ọ̀kan, níbi tí yóò máa kó èrè rẹ̀ sí. Bó bá ń pín ọmọ lọ, yóò ju ọ̀kan sínú ilé ńlá yẹn bó ṣe ń kọjá. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ síbẹ̀, yóò tún ta. Bó bá sì bọ́ sí ilé òfìfo lápá tirẹ̀, yóò kó ohun tó wà nínú ilé tó kọjú sí i. Kò sí èyíkéyìí nínú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nínú ayò ọlọ́pọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní. Ká tẹ́ ọpọ́n tuntun, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé méjèèjìlá. Ká ka ilé ẹni tó fẹ́ ta láti òsì sí ọ̀tún, kó sì kó ọmọ mẹ́rin inú ilé kẹta. Nínú Bantumi, ọ̀kan bọ́ sí ilé kẹrin, ọ̀kan sí ìkarùn-ún, ọ̀kan sí ìkẹfà, èyí tó kẹ́yìn sì bọ́ sí ilé ńlá. Ó ti jèrè ọmọ kan, ó sì tún ní àǹfààní láti ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí ọpọ́n ayò, ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò gba ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ìkẹrin yóò ré kọjá sí ilé àkọ́kọ́ alátakò, ọmọ ibẹ̀ yóò sì di márùn-ún. Kò jẹ nǹkan kan. Ó ti fún ẹnìkejì lọ́mọ, ó sì kan ẹnìkejì láti ta.

Ọpọ́n kan náà, ọmọ 48 kan náà, ìrònú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti fi ìṣirò fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ní ọdún 2000, Geoffrey Irving, Jeroen Donkers àti Jos Uiterwijk tú Kalah wò dé ìdí, wọ́n sì rí i pé nínú Kalah onílé mẹ́fà tí a fi ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ta ni yóò borí bí kò bá ṣi ọwọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, John Romein àti Henri Bal ti Vrije Universiteit ní Amsterdam gbájú mọ́ awari, eré tó bá ayò tan tímọ́tímọ́, tí a ti ń jẹ ní méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n so kọ̀ǹpútà pọ̀ títí prosẹ́sọ̀ inú wọn fi pé 144, wọ́n sì yẹ gbogbo ipò tí eré náà lè wà wò, 889,063,398,406 lápapọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣi ọwọ́, ọ̀mì ni. Òfin mélòó kan ló sọ eré tí kò ṣègbè di eré tí ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tó kó àwọn ìsọ̀ kúrò lójú títì Òṣòdì ní oṣù kìíní ọdún 2009, ibẹ̀ wà lára ibi tí ará Èkó ti ń ra fóònù, ṣájà àti bátìrì. Lónìí, ibùdókọ̀ ńlá alápá mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń retí ọkọ̀ sì ń fi fóònù najú: lúdò, whot, dráfù, bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbé ayò fún wọn lónìí ní iṣẹ́ méjì láti ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ṣe géèmù tí ọmọ ọdún méjìdínlógún yóò fẹ́ ṣí. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí bàbá àgbà kan ní Máfólúkù yóò tẹ̀, tí yóò sì sọ pé ayò tí òun mọ̀ nìyí.

Bó bá di kí a mú ọ̀kan ṣáájú, ti bàbá àgbà ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé ọgbọ́n tí ẹni tó mọ eré ti kó jọ láti ọdún pípẹ́ ni eré náà gan-an. Àwòrán lè yí padà, igi lè di gíláàsì, ọmọ ayò lè di àmì róbótó lójú fóònù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò í ta dáadáa, bá dé iwájú géèmù náà tó rí i pé ọgbọ́n òun kò ṣiṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ àtúnṣe ti kùnà, bó ti wù kó dán tó.

Ìtàn ayò fúnra rẹ̀ ti fi èyí hàn. Ní erékùṣù Antigua àti Barbados lágbègbè Caribbean, àwọn ènìyàn ń ta warri títí di òní: ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, a ń jẹ ní méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló mú un débẹ̀. Orí ni wọ́n fi gbé òfin rẹ̀ kọjá òkun. Ní òdì kejì ni wọ́n ti wá igi gbẹ́, tí wọ́n ti wá irúgbìn tí wọn yóò fi ṣe ọmọ. Àwọn Akan ní Gánà ń pè é ní oware, àwọn ará Ivory Coast ń pè é ní awalé, àwọn Ewé ní Tógò ń pè é ní adji. Igi yàtọ̀, orúkọ yàtọ̀, síbẹ̀ bí a bá gbé ọ̀ta láti Ọ̀yọ́ lọ sí Antigua, kò ní pẹ́ kó tó bá wọn jókòó.

Iṣẹ́ àtúnṣe kò bẹ̀rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Ìwé àti báírò ni yóò kọ́kọ́ wá, nítorí òfin tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀ kì í sábà dọ́gba lẹ́nu ẹni méjì. A. O. Odeleye tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ayò ní Ìbàdàn ní ọdún 1977, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ó kù sí ẹni tó ń kọ ètò lọ́wọ́ láti tọ àwọn tó ń ta á lọ kó sì béèrè. Ìpìlẹ̀ kò ṣòro. A ń pín ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún lápá tiwa, a ó sì yí gba apá alátakò padà wá. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tó sọ ohun inú rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, a ti jẹ ẹ́. Bí ilé tó ṣáájú rẹ̀ lápá ibẹ̀ náà bá ní méjì tàbí mẹ́ta, a ó jẹ ìyẹn pẹ̀lú, títí a ó fi kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni ìgbẹ̀yìn eré. Bí ọmọ bá tán lọ́wọ́ alátakò, ṣé dandan ni kí n fún un? Bí mo bá ta ayò kan tó jẹ gbogbo ohun tó kù lápá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé mo jẹ ẹ́, àbí ọwọ́ yẹn kò ka nǹkan kan? Nígbà tí ọmọ díẹ̀ bá ń yí ká ojú ọpọ́n láìsí ẹni tó lè jẹ, ta ló ni wọ́n? Ìdáhùn yàtọ̀ láti agbègbè dé agbègbè. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, níbi tí Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì ti ń gbé pọ̀ pẹ̀lú àwọn Igbo tí wọ́n ń ta okwe tiwọn, bàbá mẹ́ta lójúlé mẹ́ta lè fún ènìyàn ní ìdáhùn mẹ́ta. Ẹni tó bá mú ọ̀kan láìbéèrè, tó sì sọ pé òun nìkan ni òfin, ti lé ìdajì àwọn òǹtayò jáde kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ètò kọ̀ǹpútà yóò wá, kò sì tóbi. Nọ́ńbà méjìlá fún ilé méjìlá, nọ́ńbà méjì fún ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ, àti àmì kan tó ń sọ ẹni tó kàn. Bí a bá ro nọ́ńbà mẹ́rìnlá yìí pọ̀ nígbàkígbà, 48 ni yóò jẹ́. Bó bá di 47 tàbí 49, àṣìṣe ti wọlé. Ọmọ ayò kì í sọnù, kì í sì í bí sí i.

Odù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń ṣubú. Odù ni ilé tí òǹtayò ti kó ọmọ jọ sí títí tó fi lè yí ọpọ́n ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òfin ni pé bí a bá ń pín in, a ó fo ilé tí a ti kó o. Ilé yẹn gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ 15 wà nínú ilé kẹfà ẹni tó fẹ́ ta, tí ilé alátakò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ṣófo. Ọmọ mẹ́fà yóò lọ sí ilé alátakò, márùn-ún yóò bọ́ sí ilé márùn-ún tó kù lápá tiwa, a ó fo ilé kẹfà, ọmọ mẹ́rin tó kù yóò sì tún bọ́ sí ilé alátakò láti àkọ́kọ́ dé ìkẹrin. Méjì-méjì ló wà nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí. Ọmọ mẹ́jọ la jẹ.

Bí ẹni tó kọ ètò bá gbàgbé láti fo ilé yẹn, ọmọ kan yóò padà sí ilé kẹfà, mẹ́ta péré ni yóò kù fún alátakò, ọmọ mẹ́fà la ó sì jẹ. Ìyàtọ̀ ọmọ méjì yìí ni ọ̀ta ti ń ṣírò láti ìgbà tó ti ń kó odù rẹ̀ jọ. Ẹni tó ń kọ́ ayò lè máà rí i. Ọ̀ta yóò rí i lójú ẹsẹ̀, yóò pa fóònù náà dé, kò sì ní ṣí i mọ́.

Nítorí náà ni àyẹ̀wò tó dára jù fi jẹ́ èyí tó rọrùn jù. A ó jẹ́ kí àwọn méjì tó mọ ayò í ta dáadáa ta á lórí ọpọ́n gidi, ẹnì kan yóò sì máa kọ nọ́ńbà ilé tí wọ́n ń kó sílẹ̀: 3, 6, 2, 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà láti 1 dé 6 ni gbogbo eré náà yóò jẹ́ lórí ìwé. A ó wá tẹ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ètò wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ojú ọpọ́n inú fóònù wé ti orí igi. Ibi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀ ni àṣìṣe wà. Bí eré púpọ̀ bá ti kọjá láìsí ìyàtọ̀, pàápàá àwọn tí odù ńlá ti ṣẹlẹ̀ nínú wọn, ọkàn ẹni tó ń kọ ètò lè balẹ̀.

Àwọn tó ń tún géèmù kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe lókè òkun ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. StarCraft, eré ogun tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń fi ọgbọ́n jà, jáde ní ọdún 1998, àwọn ará South Korea sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Blizzard tún un ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn àwòrán rẹ̀ di tuntun pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ti òfin, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nínú StarCraft àtijọ́, òṣèré kò lè yan ju ọmọ ogun 12 lọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò sì sí kọ̀ǹpútà òde òní tí kò lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ àwọn ọ̀gá eré náà dúró lórí bí wọ́n ṣe ń yí ká ìdínà yẹn. Wọ́n tún ṣe é kí ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì F5 lè yí padà sí àwòrán ọdún 1998 kíákíá, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé eré kan náà ni.

Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà tún Warcraft III ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2020, inú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì dùn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti ṣèlérí kò sí níbẹ̀. Àtẹ ìdíje àti ẹgbẹ́ òṣèré tó wà nínú ti àtijọ́ kò sí nínú tuntun lọ́jọ́ tó jáde, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe náà kan ẹni tí kò rà á pàápàá, nítorí pé òun ló gba ipò ti àtijọ́. Ilé iṣẹ́ náà dá owó padà fún àwọn tó béèrè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣẹ́ ayò ṣe kedere: kò yẹ kí tuntun gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbádùn ti àtijọ́.

Síbẹ̀, òtítọ́ sí eré kò sọ pé a kò gbọdọ̀ tún ohunkóhun ṣe. Nígbà tí Age of Empires III, eré ogun mìíràn, padà jáde ní ọdún 2020, àwọn tó tún un ṣe bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, wọ́n sì yí ohun tí kò bá ìtàn wọn mu padà. Àwọn tí géèmù àtijọ́ ń pè ní Iroquois di Haudenosaunee, Sioux di Lakota, ibi ijó ìdí iná tí kì í ṣe àṣà wọn sì di gbàgede ìlú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi àwọn Hausa àti Ethiopia kún un, a sì rí Yorùbá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alájọṣe tí òṣèré lè bẹ̀ lọ́wẹ̀ ogun. Irọ́ tó wà nínú àwòrán ni wọ́n lé jáde.

Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wúlò fún ayò. Ọ̀pọ̀ géèmù ayò àti ìbátan rẹ̀ tó wà nínú fóònù ló kún fún kìnnìún, aṣálẹ̀ àti ìlù tí kò kan ọpọ́n rárá. Ọpọ́n ayò Yorùbá ní igi tirẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ létí. Ọmọ ayò ní àwọ̀ eérú, ó yọ̀, ó sì ń dún bí wọ́n ṣe ń kọ lu ara wọn nínú ilé. Ìró yẹn ṣe pàtàkì. Ní ojú ọpọ́n gidi, ọmọ ń bọ́ lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ojú sì ń bá a lọ. Ètò tó bá fò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ́ kí òǹtayò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ máa rìn lójú fóònù, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sì lè mú un yára sí i.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló tún gba àròjinlẹ̀. Ó rọrùn láti kọ 17 sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí odù wà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Lórí ọpọ́n igi, kò sí nọ́ńbà. Ojú àti ìrántí ni òǹtayò fi ń mọ iye tó wà nínú òkìtì, ẹni tó bá rántí ju ẹnìkejì lọ sì ní agbára lórí rẹ̀. Géèmù tó bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ti gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ọ̀ta, ó sì ti fún òpè lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó bójú mu ni kí nọ́ńbà wà fún ẹni tó ń kọ́ ọ, kó sì pa rẹ́ nígbà tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa bá ènìyàn ta náà ń fẹ́ ìlànà. Lẹ́yìn iṣẹ́ Romein àti Bal, a mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ta irú eré yìí láìṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ bá ẹni tí kò ṣeé jẹ jókòó? Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Concordia ní Kánádà kọ ètò kan tí wọ́n sọ ní Ayo. Dípò kó máa wo iwájú jìnnà réré, wọ́n kọ́ ọ láti mọ àwọn àmì tó ṣe pàtàkì lójú ọpọ́n. Bí òǹtayò gidi ṣe ń ronú nìyẹn. Ó mọ̀ pé ilé tó ní ọmọ kan tàbí méjì wà nínú ewu, nítorí ọmọ kan sí i yóò sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta. Ó ń ṣọ́ iye ilé tó lè tà láìfi nǹkan sílẹ̀. Ó ń ṣọ́ odù ẹnìkejì. Ètò tó bá ń ronú báyìí lè ṣàlàyé fún ọmọ tó ń kọ́ ayò ìdí tó fi jẹ ẹ́.

Ayò kì í ṣe ti ẹni méjì tó ń ta á nìkan. Ẹni tó bá dé ìdí ọpọ́n ní ìkíni tirẹ̀: “Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè.” Ìdáhùn ni pé ọ̀ta ló ń jẹ́ ẹ, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Àwọn òǹwòran yí wọn ká, wọ́n ń fi òpè ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń yin ọ̀ta. Bí géèmù inú fóònù bá jẹ́ ti ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn, tí wọn kò sì gbọ́ ohùn ara wọn, ìdajì adùn rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà ó yẹ kí àyè wà fún òǹwòran láti wọlé, kí wọ́n kí, kí wọ́n dá sí i lóhùn tàbí lọ́rọ̀, kí orúkọ ọ̀ta sì máa tẹ̀ lé ẹni tó bá fi iṣẹ́ gbà á.

Èyí ṣeé ṣe láìná dátà púpọ̀. Ní ìlú tí ènìyàn ti ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí iná sì lè lọ nígbàkígbà, ayò ní àǹfààní tí géèmù bọ́ọ̀lù kò ní. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, láti 1 dé 6, ni fóònù kan ní láti fi ránṣẹ́ sí èkejì nígbà tí a bá ta. Ó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì tó falẹ̀ jù lọ kọjá, ó lè gba Bluetooth láàárín ẹni méjì tó jókòó nínú dánfó kan náà láti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, kò yẹ kí a sọ pé ẹni náà ti pàdánù. Kí ọpọ́n dúró dè é títí yóò fi padà. Fóònù kan ṣoṣo pàápàá tó, bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín ẹni méjì, nítorí ọpọ́n ayò rí bákan náà láti ìhà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kíkọ lójú fóònù gba ìtọ́jú pẹ̀lú. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní àmì ẹyọ kan nínú Unicode. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn lókè ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n tò yóò gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Ó yẹ kí oníṣẹ́ dán fọ́ǹtì rẹ̀ wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kó tó gbé géèmù jáde, nítorí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ ará àdúgbò.

Àpẹẹrẹ wà nítòsí. Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ṣe Whot King, géèmù káàdì whot fún fóònù. Whot kò ti ilẹ̀ wa wá. William Henry Storey ló ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1930. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti fún un ní òfin tirẹ̀: káàdì 2 ni “pick two”, káàdì 1 ni “hold on”, káàdì 14 ni “general market”. Bí ẹnì kan bá gbé whot fún ọmọ Ìsọlọ̀ tí káàdì 14 rẹ̀ kò sì rán gbogbo ènìyàn lọ sọ́jà, kò ní gbà pé whot ni. Orí òfin tí àwọn òṣèré fúnra wọn ti fọwọ́ sí ni irú iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan náà ni ayò ń fẹ́, ó sì ti yẹ kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ìkójọ rẹ̀ báyìí. Ẹni tó ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ lè tọ àwọn àgbà tó mọ ayò í ta lọ ní Ṣógúnlé, ní Máfólúkù, ní Ìsọlọ̀, kó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta tí ìgbẹ̀yìn eré ń bí, kó sì kọ ìlú tí wọ́n ti kọ́ ọ mọ́ ìdáhùn wọn. Bí àkọsílẹ̀ náà bá wà ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, ètò yòówù kí ẹnikẹ́ni kọ lè fi orúkọ ìlú wọ̀nyí sí iwájú eré. Nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú kan àti ọmọ Èkìtì kan bá pàdé lórí fóònù, ojú ìwé àkọ́kọ́ tí wọn yóò rí yóò bi wọ́n léèrè òfin ìlú tí wọ́n fẹ́ fi ta á. Wọn yóò fọwọ́ sí ọ̀kan, ọmọ 48 yóò tò sójú ọpọ́n, ẹni tó kàn yóò sì kó ilé àkọ́kọ́.